Àdí Tí Mo Bèèrè Kì í Ṣe Májèlé

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Lomé níbí. Mo kí Bàbá mi, mo ní kí wọ́n máa rántí mi nínú àdúrà wọn bí wọ́n ti ń ṣe. Mo kí Bàbá Ràímì, ẹ̀gbọ́n yín, tí mo gbọ́ pé wọ́n ti ń di ẹrù ìrìn àjò nítorí tèmi. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, àgbà àti ọmọdé. Múnírá ọmọ mi, ẹ bá mi gbé e mọ́ra, kí ẹ sì sọ fún un pé ìyá rẹ̀ wà láàyè.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi. Bí mo bá fi lẹ́tà lásán ránṣẹ́, ẹ̀yin àti ẹni tó bá kà á fún yín nìkan ni yóò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kúrò ní Lomé tó fi dé Ṣakí kò sì ṣe bòókẹ́lẹ́ rárá. Wọ́n sọ ọ́ lọ́jà, wọ́n sọ ọ́ ní ìdí ọkọ̀, wọ́n ní Ràbí ọmọ yín ti jẹ májèlé lọ́wọ́ obìnrin tó ni ilé tí à ń gbé. Gbangba ni wọ́n ti sọ ọ́, gbangba náà ni mo fẹ́ ti dá a lóhùn. Mi ò jẹ májèlé, mi ò sì kú. Ara mi le, mo tún ti sanra díẹ̀.

Iṣẹ́ ń lọ bó ti ń lọ. Abọ́ tánganran náà ni mo ṣì ń tà ní ọjà Adawlato. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń pe oníbàárà, mo ń kí àwọn Faransé àti àwọn akọ̀wé wọn ní bọ́njúù, mo ń bá àwọn obìnrin ọjà sọ Mina, èdè wọn níbí, tí mo ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Wọ́n a máa fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Ànàgó ni mí, bí wọ́n ti ń pe gbogbo Yorùbá níbí, wọ́n ní ahọ́n Ànàgó wúwo. Mo fi wọ́n sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti ra abọ́.

Òkun kò jìnnà sí wa, mi ò sì tíì mọ́ ọn lára. Ẹ̀yin ò tíì rí i rí, mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Omi tí kì í sùn ni. Bí mo bá jí, mo ń gbọ́ ọ, bí mo bá ń kírun, mo ń gbọ́ ọ. Ọkọ̀ ojú omi ńláńlá a máa dúró lókèèrè, ẹ̀rọ kan a sì máa gbé ènìyàn tòun ti ẹrù láti inú ọkọ̀ kékeré sókè sórí afárá irin tí àwọn òyìnbó nà wọnú òkun. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo gbàgbé ẹrù tó wà lórí mi. Mo rò pé mi ò ní rí ohun tó ju ìyẹn lọ mọ́ ní Lomé. Mo ti rí i báyìí, òun ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi obìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn yín. Orúkọ wọn ni Afí, torí ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n bí wọn. Dàdá ni wọ́n ń pe ìyá ẹni níbí, nítorí náà Dàdá Afí ni mo ń pè wọ́n. Wọ́n ti dàgbà tó yín. Epo àgbọn ni wọ́n ń sè tà níwájú ilé, òun ni wọ́n fi ń jẹun. Yorùbá tí wọ́n gbọ́ kò ju ẹ káàárọ̀ lọ, tí wọ́n á sì máa kí mi bẹ́ẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹja ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Múnírá ti kó ọjà wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Atakpamé, èmi nìkan ni mo wà nílé. Òjò fẹ́ rọ̀, kò rọ̀, ooru mú gan-an. Mo ra ẹja lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, oòrùn ti bá ẹja náà jà, ṣùgbọ́n mo rò pé ata àti iyọ̀ yóò bá mi tún un ṣe. Èmi ni mo sè é, èmi ni mo jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ìkòkò náà. Kò pẹ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mi, mo ń bì, ìgbẹ́ gbuuru sì dé, títí mi ò fi lè dìde lórí ẹní mọ́. Kò sí bí ọkọ ti wà lọ́nà jíjìn tí kì í dunni, àmọ́ kí inú máa run ènìyàn láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, ìyẹn dá ṣọ̀tọ̀. Ìdánìkanwà tí mo rí lọ́jọ́ náà, mi ò gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni rí i.

Nínú ìnira yẹn, ẹ̀yin ni mo rántí. Mo rántí bí ẹ ti máa ń fi àdí pa mí níkùn nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹ ó máa rọra fi ọwọ́ ra á títí oorun yóò fi gbé mi lọ. Dàdá Afí gbọ́ ìkérora mi, wọ́n wọlé wá. Mo di aṣọ wọn mú, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi wá àdí, kí wọ́n fi àdí pa mí. Ìyá mi, mi ò mọ̀ pé ohun tó jọ àdí létí gan-an ni wọ́n ń pe májèlé ní èdè wọn! Èmi ń bèèrè epo ekùrọ́, wọ́n ń gbọ́ pé ẹnì kan ti fún mi ní májèlé jẹ. Dàdá figbe ta. Ará ilé jáde, aládùúgbò jáde, gbogbo wọn ń pe àdí, àdí. Inú mi sì ń dùn níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí, mo rò pé gbogbo àdúgbò ló ń bá mi wá a kiri.

Ọkùnrin ìlú wa kan tó wá kó ọjà ń kọjá lọ lásìkò náà. Ó gbọ́ Mina díẹ̀. Ó gbọ́ májèlé lẹ́nu àwọn aládùúgbò, ó tún gbọ́ lẹ́nu èmi fúnra mi pé àdí, pé pa mí. Kò dúró gbọ́ ìyókù. Òun ló gbé e dé ọ̀dọ̀ yín, mi ò sì bá a jà, torí bó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe sọ ọ́.

Ẹ wá rò ó wò pẹ̀lú mi. Àlejò ń pariwo májèlé nínú ilé yín, gbogbo àdúgbò sì ti pé lé e lórí. Ẹlòmíràn yóò ní kí wọ́n gbé e jáde kó tó kú sí òun lọ́rùn. Dàdá Afí kò lé mi, wọn ò sì sá. Wọ́n jókòó tì mí. Wọ́n gbọ́n èébì, wọ́n fọ aṣọ, wọn ò di imú. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fún mi lóúnjẹ kankan ná. Wọ́n se ìrẹsì títí ó fi rọ̀, wọ́n sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n sì ń fi ṣíbí bù ú sí mi lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá bì í, wọ́n á sinmi díẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bẹ́ àgbọn tútù, wọ́n fún mi mu bẹ́ẹ̀ náà. Wọ́n ti sọ fún àwọn ọkùnrin ilé pé kí wọ́n múra, pé bí mi ò bá lè gba èyí náà dúró, wọn yóò gbé mi lọ bá dókítà.

Ó dúró. Omi ìrẹsì lásán dúró sí mi nínú! Mo ń mọ̀ ọ́n bó ti ń wọlé, bí ojú mi tó ti wọnú ṣe ń padà jáde, bí ẹnu mi tó ti gbẹ ṣe ń ní itọ́. Mo ti rí ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn sókè lójú òkun, kò tó èyí. Ṣíbí ni wọ́n fi gbé èmi.

Lẹ́yìn náà wọ́n já ewé kan lẹ́yìn ilé, wọ́n fọwọ́ ra á kí wọ́n tó fi omi gbígbóná sí i. Òórùn rẹ̀ dé imú mi, omi bọ́ lójú mi. Efinrin ni! Orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é, àmọ́ efinrin ẹ̀yìnkùlé yín ni. Nígbà tí inú mi rọ̀, ẹ̀kọ mímu ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, ó ṣàn bí omi, kò sí ṣúgà, kò sí epo, kò sí ata. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀yin ṣe máa ń ṣe é, títí kan bí ẹ ti máa ń kọ̀ nígbà tí mo bá ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹran. Ìgbà tí ebi wá pa mí gidi, ẹkún ayọ̀ ni mo sun. Mo ń wo ojú Dàdá Afí, mo ń bi ara mi pé ta ló kọ́ wọn. Wọn ò mọ Ṣakí, wọn ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹ̀yin náà ò mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí ẹ̀yin méjèèjì ti pàdé tí ẹ fi mọ ohun kan náà. Ẹnu mi ò tíì padé lórí rẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí mo lè rìn, mo ra àdí lọ́wọ́ obìnrin wa kan lọ́jà, mo gbé e wá fún Dàdá, mo tọ́ka sí i, mo pe orúkọ rẹ̀, mo sì fi í pa ikùn mi lójú wọn. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wò mí, ó yé wọn lójijì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. A rò pé ó parí síbẹ̀.

Àfi bí iṣẹ́ tí ẹ rán ṣe dé. Ẹ ní kí n má fẹnu kan nǹkan kan nínú ilé yìí mọ́. Ẹ ní Bàbá Ràímì ń bọ̀ wá kó mi, wọn yóò sì pe obìnrin náà síwájú àwọn àgbà Yorùbá ìlú yìí. Mi ò bínú, ìyá ni yín. Àmọ́ ẹni tí ẹ rán kò jíṣẹ́ fún mi nìkan, ó jẹ́ ẹ ní Adawlato. Láti ìgbà náà, àwọn ará wa tó máa ń ra epo àgbọn lọ́wọ́ Dàdá kò yà níbẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn tí kì í ṣe Yorùbá ti ń tẹ̀lé wọn. Mo ń ti ọjà bọ̀, mo ń rí wọn bí wọ́n ṣe jókòó ti epo wọn, tí àwọn ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀nà kọjá. Bí Bàbá Ràímì bá tún wá pè wọ́n lẹ́jọ́, ó parí fún wọn nìyẹn. Ta ni yóò ra epo lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ní ó ń fi májèlé pa àlejò?

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí ju ti ọjà lọ. Nígbà tí mo wà ní ìdùbúlẹ̀, Dàdá kàn ń bu nǹkan fún mi ni, èmi náà sì ń gbé e mì. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti dé etí wọn, bí wọ́n bá fún mi ní ohunkóhun, ìbáà ṣe omi, wọ́n á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níṣojú mi, wọ́n á gbé e mì, kí wọ́n tó na abọ́ náà sí mi. Mo rò pé inú ló ń bí wọn, pé wọ́n fi ń bá mi wí ni. Ara mi ò gbà á mọ́, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́, pé èmi ò fura sí wọn láé.

Wọ́n fà mí dìde. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé èmi ò fura. Wọ́n ní kì í ṣe èmi ni àwọn ń bá tọ́ ọ wò, ìyá mi ni. Wọ́n ní ìyá tó wà lọ́nà jíjìn, tí kò rí ohun tí ọmọ rẹ̀ ń fi sẹ́nu, ó yẹ kí ẹnì kan máa bá a tọ́ ọ wò.

Ìyá mi, ẹ wò ó o. Ẹni tí ẹ ti rò pé ó fẹ́ pa ọmọ yín, ẹ̀yin ló ń tọ́ oúnjẹ wò fún.

Nítorí náà, ẹ má dá Bàbá Ràímì dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá. Bàbá Ràímì, bí ẹ bá dé, ẹ má yà sọ́dọ̀ àwọn àgbà kankan, iwájú ilé wa ni kí ẹ wá tààrà, níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ yóò ti rí yín. Dàdá Afí yóò gbé oúnjẹ fún yín. Bí wọ́n bá ti fẹ́ bù ú sẹ́nu láti tọ́ ọ wò, ẹ dákun, ẹ tètè gba abọ́ náà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ̀yin kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jèrè gbogbo wa, ojú yín ò ní rí ibi. Mo kí gbogbo ará ilé, mo kí àwọn ará àdúgbò. Bàbá Múnírá dọ̀bálẹ̀ kí yín. Dàdá Afí náà ní kí n kí yín, wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ọmọ yín jẹun lónìí.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràbí