Ebi Tí Àgíríìkì Fi Ń Gbá Ọpọlọ Rẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 6 Ṣẹ́rẹ́ 2025

Ọyẹ́ mú gan-an lónìí. Ètè mi ti là.

Àgíríìkì tún wá mi dé ibi iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. (Àwọn àgbẹ̀ ló sọ ọkọ mi lórúkọ yẹn, èmi náà wá ń pè é bẹ́ẹ̀.) Ó ní kí n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì. Ọ́fíìsì wo? Ọdún kẹfà rèé tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, níbi tó ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní iṣẹ́ oko. Mo rẹ́rìn-ín níwájú àwọn nọ́ọ̀sì tó kù, mo fi í ṣe àwàdà. Ìgbà tí mo dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ṣí omi sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi.

Nígbà tó yá, òun náà rántí. Ojú tì í. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì mi, má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ọjọ́rú, 8 Ṣẹ́rẹ́

Fọlákẹ́mi, ọmọ wa, pè láti Ìbàdàn, níbi tó ti ń kàwé nípa sẹ́ẹ̀lì. Bàbá rẹ̀ ló bi í: kí ló ń ba ọpọlọ àgbàlagbà jẹ́? Ọmọ náà fara balẹ̀ ṣàlàyé. Pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ara ló ń gbálẹ̀ ilé ara rẹ̀. Ó ń kó ohun tó ti gbó, tó ti bàjẹ́ jọ, ó ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ó sì ń fi èyí tó wúlò níbẹ̀ tún ara rẹ̀ ṣe. Bí ọjọ́ orí bá ń gòkè, ilẹ̀ gbígbá yẹn á máa dẹ̀, pàǹtí á wá máa ga sí i nínú ọpọlọ. Àwọn onímọ̀ rí i pé èyí lọ́wọ́ nínú àrùn ìgbàgbé. Ó ní bí ebi bá ń pa eku tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò, sẹ́ẹ̀lì wọn a máa gbálẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ṣùgbọ́n eku ni o, Dádì. A ò tíì mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí àrùn náà ti mú."

Mo ń wojú Àgíríìkì. Kò gbọ́ eku. Ebi ló gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Ṣẹ́rẹ́

Kò jẹun àárọ̀. Ó ní ààwẹ̀ ìjọ ni. Ààwẹ̀ ìjọ ti parí láti ọjọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Ṣẹ́rẹ́

Mo bá mọ́ínmọ́ín tí mo gbé sílẹ̀ fún un lẹ́nu ewúrẹ́ aládùúgbò. Ẹ̀kọ náà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ti yí erùpẹ̀. Mo sáré lọ wo oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀. Ó ti lò ó! Ó lo oògùn, kò jẹun. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kìlọ̀ fún àwọn aláìsàn pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀, kó dákú, kó má jí mọ́. Inú ilé tèmi ni wọ́n ti wá ń ṣe é.

A jà. Ó ní, "Fadékẹ́, bí ilé bá kún fún pàǹtí, ṣé wàá tún máa kó ẹrù wọlé ni?"

Kì í pe orúkọ mi àfi bí ẹ̀rù bá ń bà á. Mo wí pé màá máa jókòó tì í títí yóò fi jẹun tán. Ó ní ṣé màá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Mi ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Ṣẹ́rẹ́

Ṣíbí mẹ́ta ló jẹ. Mo kà á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Ṣẹ́rẹ́

Ara mi ò tíì balẹ̀. N óò kọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo dé láti ibi iṣẹ́ ní ọ̀sán, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì. Oògùn àárọ̀, ó ti lò ó. Oúnjẹ, kò fọwọ́ kàn án. Bàtà ròbà tó fi ń lọ wo oko àwọn àgbẹ̀ láyé ìjọ́sí, kò sí níbẹ̀.

Ismaheel ọlọ́kadà tó wà ní ìkóríta wa ló sọ pé òun gbé Bàbá lọ sí gáréèjì, òun sì rí i tó wọ mọ́tò tó ń lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Mo ní kó gbé mi tẹ̀ lé e. Kò tilẹ̀ dúró kí n parí ọ̀rọ̀. Eruku pupa, koríko tí wọ́n ti dáná sun lọ́tùn-ún lósì. Àdúrà kan ṣoṣo ni mo ń gbà — kó má tíì wọgbó. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ajínigbé ti gbòde, àwọn ọdẹ kì í fojú rere wo àlejò tó bá ń dá rìn nínú igbó.

Ó ti wọgbó. Awakọ̀ tó gbé e ló júwe ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀ fún wa. Ìdí ahéré àwọn ọdẹ la ti bá a, ó jókòó sílẹ̀, wọ́n ti dì í lọ́wọ́ sẹ́yìn. Nínú ọyẹ́ yìí, òógùn bò ó. Wọ́n ní àwọn bi í lórúkọ, kò dáhùn. Wọ́n ní ta ló wá wò, ó ní, "Ẹ̀gẹ́." Ọ̀kan nínú wọn ti ki ìbọn. Bàbá ọdẹ kan, Fámúyìwá, ló di ọwọ́ onítọ̀hún mú: "Ẹ sinmẹ̀dọ̀! Bàbá Àgíríìkì nìyí. Òun ló kó igi ẹ̀gẹ́ tuntun wá fún wa lọ́jọ́sí."

Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ohunkóhun tó bá ti dùn. Fámúyìwá gbé oyin jáde. Mo ń fi ìka tọ́ ọ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, mo ń wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó tún gbé e mì. Ojú rẹ̀ wálẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì mi, ta ló dì mí lọ́wọ́?"

Fámúyìwá fúnra rẹ̀ ló tú okùn náà. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Bí mo bá pẹ́ dé díẹ̀ báyìí ni…"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Ṣẹ́rẹ́

Wọ́n dá wa sílẹ̀ ní ọsibítù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ti pààrọ̀ oògùn rẹ̀. Dókítà pe ọ̀rọ̀ márùn-ún fún un pé kó fi sọ́kàn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀kan péré ló rántí. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó sì bá mi sọ òótọ́: ebi dá kún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe ebi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àrùn ìgbàgbé ni.

Fọlákẹ́mi wá, ó ń sunkún. "Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí yín létí."

Bàbá rẹ̀ ní, "Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ. Mo gbọ́ pé eku ni. Ṣé kí n káwọ́ gbera kí n máa wò ó ni?"

Ọjọ́ Ajé, 27 Ṣẹ́rẹ́

Ara rẹ̀ le, ojú rẹ̀ mọ́. Ó sọ ìdí tó fi lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá tó ti ń febi panú, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọpọlọ òun ti mọ́. Ó ní òun á dá wá oko tí òun àti àwọn àgbẹ̀ kọ́kọ́ jọ gbin ẹ̀gẹ́ sí. Ó rí i. Ó dúró láàárín rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ìgbà tó yíjú padà, kò mọ ibi tí òun gbà wá.

Ó ní kí n gbé ìwé yìí wá. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sínú rẹ̀ rí yàtọ̀ sí èmi. Mo gbé e fún un.

*Kí Fadékẹ́ máa ti géètì. Bí mo bá bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí i, kó má ṣí i. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. — Oyèlékè*

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Èrèlè

Mo ra àgádágodo. Mo tì í.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Èrèlè

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo wọlé lọ bọ́ aṣọ. Ni mo bá gbọ́ tí wọ́n ń mi géètì jìgìjìgì.

"Ta ló tì mí mọ́lé?"

Mo sáré jáde. Ó wojú mi. Ó rọra fi ọwọ́ sílẹ̀ lára géètì, ó tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi ṣí i. Àwọn àgbẹ̀ ń dúró dè mí."

Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí a ti ṣègbéyàwó, kò pè mí ní "ẹ" rí.

Mo lọ gbé ìwé yìí. Mo ṣí ojú ewé tó kọ, mo fi hàn án. Ó kà á tán pátá, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó dá a padà fún mi.

"Ọwọ́ ìkọ̀wé ọkùnrin yìí dára. Kí ló dé tó ní kí ẹ ti òun mọ́lé?"

Mo ní ẹ̀rù ló ń bà á.

Ó mi orí. "Ẹ bá mi kí i."

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ó tún di géètì mú, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bẹ àlejò. Mo gbé àga méjì jáde sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo jókòó.

Mi ò ṣí i.