Omi Tí Fèyíkẹ́mi Ò Mu

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Ìbàfò níbí, mo sì kí Màámi lórí ìdọ̀bálẹ̀ kan náà. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Gbénga àti àwọn ọmọ wọn. Mo mọ̀ pé inú yín ò ní dùn sí i pé lẹ́tà yìí jáde nínú ìwé ìròyìn. Mo ti kọ méjì ṣáájú rẹ̀, ẹ sì fèsì pé kí n máa gbàdúrà. Mò ń gbà á. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà tó yẹ kó ka èyí, tí kò jẹ́ kí n wọ ilé òun mọ́.

Iṣẹ́ ń lọ. Ilé tuntun pọ̀ ní Mágbọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló sì ń fẹ́ òrùlé, nítorí náà ọwọ́ kápẹ́ńtà kì í dilẹ̀. Òjò ọdún yìí ba ọ̀nà jẹ́ gan-an. Ẹrẹ̀ á gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn, kò sì ní dá a padà. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò sẹ́ni tí mo máa bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá mi, àfi ìwé tí mò ń kà àti èyí tí mò ń kọ. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí ìjọ tí mò ń lọ ní kí n wá máa kọ́ ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọdé. Mọ́kànlá ni wọ́n. Àgbà inú wọn ò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ.

Bí ẹ ṣe kọ́ wa nínú ẹgbẹ́ akọrin yín ni mo ṣe kọ́ wọn. Mo kọ dò-rè-mí sára pákó tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́. Mo jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ orin, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ohun tó ń wí, kí n tó fún wọn ní ohùn. Mo ní ìjọsìn kì í ṣe ariwo. Ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò tíì kọrin, igbe ló ń ké. Ọmọ kan bi mí bóyá Ọlọ́run máa ń gbọ́ ti ẹni tó bá ṣi orin kọ. Mo ní ó máa ń gbọ́. Ni gbogbo wọn bá kọjú sí Jọláadé, wọ́n ní kó máa dúpẹ́, Ọlọ́run mà ń ṣe sùúrù fún un o.

Mo tún kọ́ wọn ní òfin yín: ní ọjọ́ ìdánrawò, nǹkan kan kì í kan ẹnu akọrin títí a ó fi parí. Kò sóúnjẹ, kò sómi. Àwa náà ṣe é lábẹ́ yín, ebi pa wá, a sì kọrin. Mi ò bi yín léèrè rí ibi tí òfin náà ti wá.

Fèyíkẹ́mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló ń ṣíwájú àwọn tó ń kọ ohùn òkè. Síkílà ni, àrùn ẹ̀jẹ̀ tó máa ń mú kí eegun ro ọmọ. Mo mọ̀. Gbogbo ìjọ mọ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, àárọ̀ kùtùkùtù ló ń lọ, alẹ́ ló ń dé. Ìyá bàbá rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Gbogbo Sátidé ni ìyá àgbà máa ń ki ìgò omi sínú báàgì ọmọ náà, gbogbo Sátidé sì ni ìgò náà ń padà sílé ní kíkún.

Ni ìyá àgbà bá wá bá mi lọ́jọ́ kan níbi tí mo ti ń rẹ́ pákó. Ó pè mí ní Tíṣà Olórin, ó ní ẹgbẹ́ mi ń ké bí ewúrẹ́ tí òjò pa, ṣùgbọ́n òun lè fara da ìyẹn. Èyí tí òun ò lè fara dà ni pé kí n máa sá ọmọ òun gbẹ bí ẹja. Ó ní bí omi bá wọ́n lára ọmọ yìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dì, á ṣubú lójú mi, mi ò sì ní mọ ibi tí n ó gbé e gbà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, Ìyá, ẹni tó bá ń kọrin fún Ọlọ́run, Ọlọ́run á mú un dúró. Ó wò mí títí, ó ní ó dáa, kí n bá òun kí Ọlọ́run ọ̀hún. Obìnrin ìjọ méjì wà níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Sátidé tó ṣáájú ìkórè, oòrùn mú. Ó yẹ kí a ti tú ká, ṣùgbọ́n ẹsẹ kan kò tíì dùn mọ́ mi nínú. Fèyí ní, Bọ̀dá, ọ̀fun òun ti gbẹ. Mo ní kó ṣe sùúrù, ó ti fẹ́ parí. Ìwé orin bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, ọwọ́ náà kò jẹ́ fún un. Nígbà tó gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀kadà ni mo fi gbé e dé ọsibítù. Dókítà bi mí pé ìgbà wo ló mu omi kẹ́yìn. Ó ní gbígbẹ tí ara rẹ̀ gbẹ ló fà á, ẹ̀jẹ̀ ti dì lọ́nà ọpọlọ.

Kò kú. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń lọ́ mọ́ra.

Àwọn obìnrin méjì yẹn wá rántí. Wọ́n ní báwo ni ìyá àgbà ṣe mọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, bí kì í bá ṣe òun ló ṣe é? Wọ́n rántí pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti kú, wọ́n ka ìyẹn náà mọ́ ọn lọ́rùn. Pásítọ̀ ní òun ti rí i nínú àdúrà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìyá Fèyí ti di ẹrù ìyá ọkọ rẹ̀, ó ti rán an lọ sílé àbúrò ìyá àgbà náà ní Ifọ̀.

Bàbá, lọ́jọ́ Ìsinmi tí Fèyí padà wá sí ìjọ, mo dìde ní àsìkò ìjẹ́rìí. Mo ní èmi ni mo ní kí ọmọ má mumi, pé ìyá àgbà kìlọ̀ fún mi, mo sì fi í rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí Pásítọ̀ fi ní, ẹ ò rí i, àjẹ́ ti mú ahọ́n tíṣà náà. Ó nawọ́ sí àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n gbórin. Wọ́n wò mí. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo kọ́ wọn pé bí àgbà bá ní kí wọ́n kọrin, wọn kì í bèèrè ìdí. Wọ́n kọ ọ́. Wọn ò kọrin dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ohùn wọn bára mu, ó sì bo tèmi mọ́lẹ̀. Fèyí jókòó láàárín wọn. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ohun kan ò jáde.

Mo fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, mo sì lọ sí Ifọ̀. Ìyá àgbà kò bú mi, ì bá sàn kó bú mi. Ó ní ìyàwó ọmọ àbúrò òun kì í jẹ́ kí òun gbé ọmọ tuntun inú ilé. Ó ní kí n wo ayé, lọ́jọ́ ogbó òun, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fún òun níṣẹ́ àjẹ́, òun tí òun kì í lè dìde lóru láti lọ tọ̀.

Ìyá Fèyí, ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ́ kí n wọlé yín mọ́, bí ẹ bá ń ka ibí yìí, èmi ni mo fà á. Ẹ bi dókítà. Ẹ lọ mú ìyá yín wálé.

Bàbá mi, àwọn ará ìjọ yìí ò gbọ́ ti kápẹ́ńtà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ pẹ́ tí ẹ ti ń kọ́ni lórin Ọlọ́run, wọ́n á gbọ́ tiyín. Ẹ bá mi fọwọ́ ara yín kọ ọ́ sí wọn pé ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ òfin náà, pé kò sí nínú ìwé kankan. Mo ti wá a, mi ò rí i. Mo mọ̀ pé ohun tí mo bẹ̀ yín wúwo. Ìbéèrè kan ni kò jẹ́ kí n sinmi: ṣé Ọlọ́run ló béèrè ààwẹ̀ yẹn lọ́wọ́ ọmọdé, àbí àwa la fẹ́ràn kí ọmọdé máa gbọ́ràn sí wa lẹ́nu?

Kí Ọlọ́run tí mò ń bá jà yìí dá ẹ̀mí ẹ̀yin àti Màámi sí, kó má jẹ́ kí ẹ rí ohun tí mo rí. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àgbà àtèwe. Ẹ kí àwọn ọmọ tí yóò wá dánra wò lọ́dọ̀ yín ní Sátidé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ fún wọn lómi mu.

Èmi ni ọmọ yín,
Dáre