Àṣà Òkè-Ìyẹ́ Tí Ẹ Kò Sọ Parí

Ẹ̀rù ń bà mí pé Dèjì rò pé mi ò fẹ́ràn òun mọ́. Ọmọ tí mo bí, tí mo pọ̀n, ó ń kí mi lórí fóònù bí ẹni ń kí ọ̀gá níbi iṣẹ́.

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ má bínú pé mi ò kọ́kọ́ kí yín. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ bá mi kí ọkọ mi tó wà lọ́dọ̀ yín lọ́run. Ara mi le nínú ilé yín tí mo padà sí, àfi páànù ẹ̀yìnkùlé tó ti ń jò. Fúnmi, ọmọ-ọmọ yín obìnrin, ti ríṣẹ́ ìjọba, ó sì ti ń sanra díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ni mo bá wá.

Ṣé ẹ rántí àwọn ará Òkè-Ìyẹ́? Ó yẹ kí ẹ rántí, ẹ̀yin náà lẹ dá wọn sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù yín ní Láfẹ́nwá, tí mo jókòó ti báàfù omi tí ẹ fi ń wá ibi tí táyà ti ń jò, ẹ máa ń sọ̀rọ̀ wọn bí ẹni pé àná lẹ kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ẹ ní wọ́n lójú bíi tiwa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bíi tiwa, ṣùgbọ́n ìyẹ́ ló bo èjìká wọn dé ìdí. Ẹ ní ọmọ wọn kì í lórúkọ títí yóò fi dún fún ìgbà àkọ́kọ́. Bó bá ṣe dún ni wọ́n á máa pè é. Bí ìyẹ́ àgbà bá já, wọn kì í sọ ọ́ nù, inú ìtẹ́ ọmọ tuntun ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí. Tí wọ́n bá ń ṣọ̀fọ̀, wọn kì í ké. Orí igi kan ni gbogbo wọn máa bà lé, wọ́n á dákẹ́ títí ewé igi náà á fi dẹ́kun mímì. Ẹ tún ní àwọn baba wọn kì í jẹ ẹran tó bá kù sínú ìṣasùn. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe àṣà ẹyẹ kankan, ẹ kàn fẹ́ kí n jẹ ẹ́ ni.

Èyí tó kó mi sí wàhálà ni ti ọjọ́ ìfò. Ẹ ní lọ́jọ́ tí ọmọ bá fẹ́ kúrò nínú ìtẹ́, òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kẹ́yìn sí i, kò sì gbọ́dọ̀ fọhùn. Tí ọmọ bá bojú wẹ̀yìn tó rí ojú ìyá rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ á wúwo, á já lulẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló rí, á mọ̀ pé òun ti tó fò. Lẹ́yìn náà, òbí ò gbọ́dọ̀ dé igi tí ọmọ lọ bà lé, àfi tí ọmọ bá fi ẹ̀ka igi kékeré kan ránṣẹ́ sí i.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, tí wọ́n ń mú mi lọ sí Ìlárò, gbogbo èèyàn ń gbàdúrà lé mi lórí, ẹ̀yin nìkan lẹ kọjú sí ògiri. Àwọn àna mi ò mọ ohun tí wọ́n máa rò. Èmi mọ̀. Mo rí bí èjìká agbádá yín ṣe ń gbọ̀n. Kò sí àdúrà tó wọ̀ mí lára lọ́jọ́ náà tó ẹ̀yìn yín.

Nígbà tí Dèjì ríṣẹ́ sí Èkó lóṣù tó kọjá, mo sìn ín dé ibùdókọ̀ Kuto. Ó wọ ọkọ̀, ó yọ orí lójú fèrèsé, ni mo bá kẹ́yìn sí i. Mo kọjú sí ìsọ̀ ẹni tó ń ta àpò fóònù, bí ẹni fẹ́ ra nǹkan.

“Màámi! Màámi, ọkọ̀ ti ń lọ o!”

Mi ò dáhùn. Agbèrò kan fọwọ́ kàn mí léjìká. “Ìyá, ọmọ yín ń pè yín! Àbí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ bí i ni?”

Mo di ẹnu mi mú. Nígbà tí mo fi máa yíjú, èéfín ọkọ̀ nìkan ló kù.

Bàbá, mi ò sọ ìtàn Òkè-Ìyẹ́ fún àwọn ọmọ mi rí. Nígbà tí wọ́n kéré, aṣọ ni mo ń rẹ láró láàárọ̀ tí mo ń tà nírọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá ní kí n pa ìtàn kan, mo ní kí wọ́n lọ kàwé. Báwo lọmọ tí kò gbọ́ ìtàn ṣe máa mọ ohun tí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ń sọ? Ká tún wá sọ pé èmi àti ẹ̀ ti jà lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ní Èkó ti jìnnà jù, ta ló máa bá a po ẹ̀kọ tó bá ṣàìsàn? Ó wá rò pé ìbínú yẹn ni mo gbé dé ibùdókọ̀.

Fúnmi ló sọ fún mi. “Màámi, kí ni Dèjì ṣe fún yín? Ó ní ẹ ò tiẹ̀ wojú òun.”

Mo ṣàlàyé fún un.

“Àwọn ará òkè wo?”

“Òkè-Ìyẹ́.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. “Ẹyẹ! Màámi, tìtorí ẹyẹ?” Nígbà tó yá, ó gbé fóònù mi lé mi lọ́wọ́. “Ẹ pè é, ẹ jọ̀ọ́.”

Mo pè é. “Ẹ kú iṣẹ́, mà.” Mà! Ṣé ẹ gbọ́? Mo bi í bóyá ó ti jẹun. “Mo ti jẹun, mà.” Ọ̀rọ̀ ẹyẹ kú mọ́ mi lẹ́nu. Báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ fún ọkùnrin tó ti ń fá irùngbọ̀n?

Fúnmi ní kí n lọ bá a nílé. Mo ní ó dìgbà tó bá ránṣẹ́.

“Màámi, Dèjì ò mọ̀ pé igi lẹ ń retí o!”

Àná, bí mo ṣe ń sá aṣọ, mo rántí nǹkan kan. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó mi, ẹ yọ sí mi ní Ìlárò pẹ̀lú iṣu lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Mi ò tíì fi igi kankan ránṣẹ́. Ẹ ní ẹ kàn ń kọjá lọ ni. Bàbá, níbo lẹ ń lọ láti Láfẹ́nwá tí Ìlárò fi jẹ́ ọ̀nà yín? Ṣé àṣà míì wà tí ẹ ò sọ fún mi ni? Àbí ẹ ò lè fara dà á?

Mo ti di ẹrù mi. Mo bu láfún sínú ike, torí Dèjì sọ fún Fúnmi pé ti Èkó ń rùn. Ọ̀la ni mò ń lọ, mi ò sì sọ fún un. Tó bá ṣílẹ̀kùn tó tún ní “Ẹ kú iṣẹ́, mà,” kí ni kí n kọ́kọ́ sọ? Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà lẹ́nu ọ̀nà ni, àbí kí n kàn dì mọ́ ọn? Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n, ẹ̀yin lẹ sì mọ̀ mí.

Ẹ tètè kọ̀wé padà, Bàbá. Gbólóhùn kan péré tó. Ọkọ̀ àárọ̀ ni mo fẹ́ wọ̀.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń bi yín ní ìbéèrè.