Ìyá Tó Ń Tẹ́ Ẹní fún Fọ́tò

Màámi, ọdún mẹ́rin rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko! Ẹni tó bá ní ọjọ́ ń sáré, kò tíì ṣọ̀fọ̀ ìyá.

Ara Bàbá le, wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn. Àkọ́bí yín ti parí òkè ilé. Yàrá tí oòrùn ń wọ̀ jù níbẹ̀ ló gbé tábìlì iṣẹ́ yín sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kún ẹnu wa lónìí, ọ̀rọ̀ àbíkẹ́yìn yín obìnrin ni, ẹni tí ẹ máa ń pè ní Ọlọ́wọ́-òsì.

Ẹ mọ̀ ọ́n. Láti kékeré, bó bá ti mú àlùmọ́gàjí, bébà á fàya. Ẹ kì í bú u. Ẹ ó ní, "Fara balẹ̀, ọmọ mi. Bébà kì í sá." Nígbà tó dàgbà, ó ní eré ọmọdé ni iṣẹ́ yín, fọ́tò tí ẹ ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sínú álíbọ́ọ̀mù fún àwọn èèyàn, ó gba iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ.

Eré ọmọdé kẹ̀! Fọ́tò kan ṣoṣo, ẹ ó tẹ́ ẹní mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀, bébà lórí bébà, ti ìsàlẹ̀ á fi díẹ̀díẹ̀ yọ síta ju ti òkè lọ. Ẹ ó lẹ bọ́tìnnì mọ́ igun kan, léèsì mọ́ igun kejì. Ẹ ó gé páálí pélébé, ẹ ó lu ihò sí i lórí, ẹ ó fi ríbọ́ọ̀nù so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́, ẹ ó sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i. Fọ́tò tó ti ṣá á wá jókòó bí ọba!

Nígbà tí ẹ lọ, a wá fọ́tò yín títí. Mẹ́ta péré! Ẹni tó ń ṣe gbogbo ayé lọ́ṣọ̀ọ́ kò ráyè jókòó kí wọ́n ya òun. Ọlọ́wọ́-òsì mú èyí tó dáa jù, ó fẹ́ gé etí rẹ̀, ọwọ́ yẹ̀, ó gé èjìká yín. Ó figbe ta: "Mo ti gé ìyá mi!" Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jẹun.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín: ẹni tó bá ní fọ́tò ìyá wa, kó jọ̀ọ́ kó mú un wá. Màámi, àwọn èèyàn wá! Aránṣọ kan mú èyí tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín wá. Awakọ̀ àgbà kan wá láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní, "Ẹ̀yìn wọn nìkan ló hàn, ṣùgbọ́n àwọn ni. Fọ́tò ọmọ mi tó kú ni wọ́n ń tún ṣe. Wọ́n bá mi sunkún kí wọ́n tó mú àlùmọ́gàjí." Mọ́kànlélógójì la rí kó jọ.

Ọlọ́wọ́-òsì wá rọra ṣí ọ̀kan nínú iṣẹ́ yín, kó lè mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ó rí i pé bébà ìsàlẹ̀, tí ojú ò lè rí ju etí rẹ̀ lọ, gún régé bí ti òkè. Ó tún rí i pé ẹ ti gé àárín rẹ̀ yọ láti fi ṣe páálí pélébé. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá yìí ò fi nǹkan ṣòfò!" Ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín látìgbà tí ẹ lọ nìyẹn.

Oṣù mọ́kànlá ló fi to àwọn fọ́tò náà sínú álíbọ́ọ̀mù yín. Ó ba bébà jẹ́, ó tún un gé. Èjìká tó gé, ó fi léèsì bò ó, ẹ ò ní mọ̀. Bàbá, tí kò wọ ṣọ́ọ̀bù yín látìgbà tí ẹ lọ, wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí, o mú ìyá rẹ wálé fún mi."

Ó ti fi ọ́fíìsì sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù yín ò tì, Màámi! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó ojú ọ̀nà kan bi í pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́. Omi kọ́kọ́ lé sí i lójú. Ó wá gbé orí sókè, ó ní, "Ìyá mi ni."

Àwa náà ń sọ ọ́ káàkiri: ìyá wa ni. Àárò yín ń sọ wá, ìfẹ́ yín kò ṣá lọ́kàn wa. Ẹ sùn ire, ọlọ́wọ́ ẹ̀yẹ.