Ẹ̀bẹ̀ Pé Kí Ẹ Má Tíì Fi Orúkọ Bàbá Mi Sọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọbìnrin

Ilé Abu Sarris,
Ẹ̀yìn Mọ́sálásí Òkè,
Bayt Rumman.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta, 1964.

Alága àti Ìgbìmọ̀ Ìlú,
Gbọ̀ngàn Ìlú,
Bayt Rumman.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ORÚKỌ ṢÉÌKÌ WAJIH ABU SARRIS ÀTI SÀRÉÈ FAWAZ QATTUSH

1. Mo dúpẹ́ fún ọlá tí ẹ fẹ́ fi dá bàbá mi lọ́lá. Òun ló kó ìlú yìí jọ nígbà ìyanṣẹ́lódì ọdún 1936, tí ó pín àlìkámà ilé wa fún aláìní, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì tìtorí rẹ̀ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Kò sí irọ́ níbẹ̀.

2. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ìyókù. Kí wọ́n tó mú un, ìròyìn kàn pé wọ́n ti ta ilẹ̀ àfonífojì fún àjèjì, wọ́n ní Fawaz Qattush, oníṣòwò ọkà, ló ṣe alágbàtà. Bàbá mi kò pè é bi í. Ó gun mímbárì, àga ìwàásù mọ́sálásí, lọ́jọ́ Jímọ̀, ó dárúkọ rẹ̀, ó ní: "Ọ̀dàlẹ̀ ni. Ẹ má kí i. Bó bá kú, ẹ má sin ín mọ́ wa." Ìlú gbọ́ràn. Àwọn obìnrin kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀, Ìyá Lutfi, yan búrẹ́dì nínú ààrò àdúgbò mọ́. Nígbà tí àìsàn pa Fawaz, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ nìkan ló gbé òkú náà lọ sin sábẹ́ igi ólífì wọn.

3. Lẹ́yìn náà ni òtítọ́ jáde. Olówó tó ni ilẹ̀ náà, tó ń gbé ní Beirut, ló tà á fúnra rẹ̀. Fawaz tí àwọn ènìyàn rí tó ń wọkọ̀ lọ sí Beirut, ńṣe ló ń lọ bẹ olówó náà pé kó má tà á.

4. Nígbà tí bàbá mi tẹ̀wọ̀n dé, ó lọ bá Ìyá Lutfi. Mo tẹ̀lé e. Ó bẹ̀ ẹ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Obìnrin náà ní: "Ṣéìkì, orí mímbárì lẹ ti bú ọkọ mi lójú gbogbo ayé. Kí ló dé tó jẹ́ inú yàrá mi lẹ ti wá ń tọrọ àforíjì?" Bàbá mi ṣèlérí pé òun yóò sọ ọ́ lórí mímbárì. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn àgbà dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, wọ́n ní bó bá gbà pé òun ṣìwí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yóò fi wá ṣẹ̀sín. Ó gun mímbárì. Òjò ló wàásù lé lórí. Títí ó fi kú, kò jẹ búrẹ́dì ààrò àdúgbò mọ́.

5. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá bá Alága. Wọ́n ní: "Rasmiya, ṣé ìwọ lo fẹ́ fọwọ́ ara rẹ ba orúkọ bàbá rẹ jẹ́ ni?" Èsì mi rèé: orúkọ náà ni wọ́n ń torí rẹ̀ dìde fún mi nínú bọ́ọ̀sì, tí Ìyá Lutfi yóò sì wà lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ń jókòó. Ojú ń tì mí, síbẹ̀ mo ń jókòó. Èmi kan náà ni mò ń kọ́ àkọ́bí Lutfi níwèé, abẹ́ orúkọ yẹn ni ọmọ náà yóò sì máa gbà wọlé láràárọ̀.

6. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ìmáàmù kéde láti orí mímbárì, lọ́jọ́ Jímọ̀, pé Fawaz Qattush kò ta ilẹ̀ kankan, pé Ṣéìkì Wajih ló fẹ̀sùn èké kàn án. Bí ìdílé rẹ̀ bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kó egungun rẹ̀ wá sí itẹ́ òkú wa. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé orúkọ bàbá mi kọ́. N ó wá bá yín di àkàbà mú. Láìṣe bẹ́ẹ̀, èmi ọmọ rẹ̀ kò fọwọ́ sí i.

Ìyá Lutfi ti darúgbó, etí rẹ̀ sì ti ń di. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sókè.

Ẹ ṣeun fún sùúrù yín.

Èmi ni tiyín, ọmọ ìlú yín,
Rasmiya Wajih Abu Sarris,
Olùkọ́, Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọbìnrin.