Ọwọ́ Tí Kò Lè Balẹ̀ Lórí Olùkọ́ Wa

Olóòtú ètò orí rédíò wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìtùnú ní àsìkò tí ìlú le yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́.

Àwa tí a ń kàwé gboyè kejì ní yunifásítì, tí a sì jọ ń gbàdúrà, ni mo ń gbẹnu sọ fún. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kó wa jọ sínú àdúrà náà ń lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, a sì lọ kí i nílé rẹ̀ ní Òmù-Àrán. Ọyẹ́ bo ìlú bí ojú àlá. Lójijì, Bàbá kúnlẹ̀ láàárín wa.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí, kí ẹ sì gbàdúrà fún mi.”

Ta ni yóò fọwọ́ kan orí àgbà? A nawọ́, ṣùgbọ́n a dúró gbọnin bí ère òkúta Èsìẹ́.

“Àbí ẹ̀gún wà lórí mi ni?”

A rẹ́rìn-ín, a gbàdúrà, ọwọ́ wa kò balẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lálàá pé àtẹ́lẹwọ́ mi kan ewú rẹ̀, tó tutù bí ìrì. Ọjọ́bọ̀ ni yóò lọ. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí a padà lọ bá a?

Bàbá kì í pa ètò yín jẹ. Bí ó bá ń gbọ́, kí ó mọ̀ pé ọwọ́ wa ṣì wà lókè orí rẹ̀.