Tàwẹ́ẹ̀lì Bùọ̀dá Gàníyù

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi kọ̀wé sí yín. Bùọ̀dá Gàníyù fẹ́ padà sínú ríìngì ní Sátidé yìí, ní àdúgbò wa Deïdo níbí. Èmi ló sì ní kí n dúró ní igun òun, kí n di tàwẹ́ẹ̀lì mú, níbi tí ẹ̀yin máa ń dúró sí.

Ẹ rántí bó ṣe rí nígbà tí wọ́n ń pè é ní abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò? Bó ṣe tóbi tó yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún. Wọ́n á ju ẹ̀ṣẹ́ sí i, wọn ò ní bá a níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin á ki obì sẹ́nu, ẹ ò ní gbé e mì títí ìjà á fi parí. Lẹ́yìn náà ẹ á fi ọwọ́ yín tó ń rùn fún òróró máṣìn ìránṣọ tẹ orí rẹ̀ yíká, bí ẹ ṣe máa ń yẹ aṣọ wò bóyá ó ti ya níbì kan.

Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun báyìí. Èmi ni mo rán ṣòkòtò ìjà tuntun fún un ní ṣọ́ọ̀bù wa ní ọjà Marché Congo, torí ti àtijọ́ ò gba ìdí rẹ̀ mọ́. Kì í sáré kiri mọ́, ojú kan ló ń dúró sí. Mi ò ní parọ́ fún yín, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ti gbọ́n sí i. Ṣùgbọ́n kó tó kan èèyàn ní ẹ̀ṣẹ́ kan, á ti gba mẹ́ta. Èyí tí ì bá yẹ̀ fún nígbà náà, orí ló fi ń gbà á. Àwọn ọ̀dọ́ á máa pariwo “Grand, vas-y!”, pé ẹ̀gbọ́n, ó yá, inú rẹ̀ á sì máa dùn. Àbí ariwo yẹn ló ń ṣàárò, Bàbá?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìdánrawò, mo ń fún un lómi mu, ó bi mí bóyá ẹ ti jẹun. Ẹ̀yin tá a ti sin o! Ó tún wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó rí ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní eré ni. Kì í ṣe eré. Mo bẹ̀ ẹ́ kó lọ rí dókítà, ó ní kí n bu omi sí i.

Ẹ ju tàwẹ́ẹ̀lì sínú ríìngì nítorí rẹ̀ nígbà kan, tí ìjà fi parí, tó fi pàdánù. Ó ń borí lọ́jọ́ yẹn o! Gbogbo èèyàn ló rò pé orí yín ti dàrú. Kí lẹ rí lójú rẹ̀? Ẹ ò sọ fún wa kẹ́ ẹ tó lọ.

Ẹ̀yin bàbá ni, ẹ lè ṣe é. Èmi àbúrò, kí n dá ẹ̀gbọ́n mi dúró lójú gbogbo ayé? Èmi tí mi ò lè pe orúkọ rẹ̀ láìfi Bùọ̀dá sí i? Kóòṣì wà níbẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, èmi ló gbé tàwẹ́ẹ̀lì fún. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Àná ni mo tó mọ̀ pé torí ó dá a lójú pé mi ò ní lè jù ú ló ṣe yàn mí.

Mo ń fi àjákù aṣọ dánra wò ní ṣọ́ọ̀bù bí mo ṣe máa jù ú. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè tètè jù ú, ó sì ń bà mí jù pé mo lè pẹ́. Ṣùgbọ́n màá jù ú, Bàbá. Kó má kí mi mọ́. Kó máa sọ ọ́ káàkiri Deïdo pé mo dójú ti òun. Kó ṣáà ti rí ẹnu sọ ọ́.

Èmi ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín, tí oorun ò kùn.